Okùn Tí Kò Níyọ̀

Irin ẹ̀yìn ọkọ̀ ti yẹ̀, ó ń fì sójú omi. Bàtà ẹsẹ̀ méjèèjì wà lábẹ́ àga, ẹni tó bọ́ wọn tò wọ́n tira wọn. Ẹni tó ni bàtà ni wọn ò rí.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí wọ́n ń pè ní Fimúfínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo bàtà náà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rò pé orúkọ ẹ̀gàn làwọn fún un. Òun kà á sí oyè.

Ọkọ̀ ojú omi kékeré ni, oníyàrá kan, ti ìgbádùn ilé. Dókítà eyín ló ni ín. Lánàá, òun àti ìyàwó rẹ̀ nìkan ló wà á lọ. Wọ́n fẹ́ gba odò bọ́ sí òkun, kí wọ́n máa bá etí òkun lọ. Ìyàwó nìkan ló wa ọkọ̀ padà. Láti ìdájí ni àwọn ọkọ̀ tó ń wá dókítà ti já lọ sójú òkun, wọn ò tíì rí nǹkan kan.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́." Ohùn ìyàwó dókítà ti há. Ó di ike egbòogi kan mọ́wọ́. "Egbòogi ọkàn rẹ̀ nìyí. Kì í pa á jẹ lọ́jọ́ kan. Bó bá tiẹ̀ rí nǹkan dì mú lójú omi, ọkàn yẹn ò lè gbé e dalẹ́."

"Ẹ sọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i, mà. Díẹ̀díẹ̀."

"A ti wọ òkun. A ju ìdákọ̀ró. Ìgbì ń ta omi sí wa lára, gbogbo gíláàsì ń kán tótó. Ó fara ti irin yẹn, irin yẹ̀. Jàbú ni mo kàn gbọ́."

"Òjò rọ̀ lójú ọ̀nà?"

"Kò rọ̀."

"Ẹnikẹ́ni ti fọ ọkọ̀ látìgbà tẹ́ ẹ ti dé?"

"Ta ló fẹ́ fọ̀ ọ́? Ṣé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ fífọ̀ ló wà lọ́kàn mi?" Ẹkún gbọ̀n ọ́n.

Fimúfínlẹ̀ yíjú sí irin. Kò ṣẹ́, kò sì tẹ̀. Sípánà ni wọ́n fi tú nọ́ọ̀tù tó dì í mú. Ẹnì kan ló ṣiṣẹ́ yẹn.

Wọ́n pe awakọ̀ tí dókítà lé níṣẹ́ lóṣù tó kọjá. Ó dé tòun ti ìbínú.

"Wọ́n ní o sọ pé omi á bá ọ gbẹ̀san lára dókítà."

"Mo sọ ọ́, ọ̀gá. Ẹnu ni mo fi sọ ọ́. Ẹni tí wọ́n gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀, ṣé kó máa kọrin ni?"

"Sípánà rẹ ńkọ́?"

"Inú àpótí ọkọ̀ ni mo fi í sílẹ̀ sí. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ tọkọtaya. Mi ò fẹsẹ̀ tẹ ọkọ̀ yẹn mọ́ látọjọ́ náà."

Àbúrò dókítà ló kàn. Àwọn tó wà létí odò gbọ́ ariwo òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lánàá kí ọkọ̀ tó gbéra. Ọ̀dà funfun wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Irú ọ̀dà kan náà wà níwájú ọkọ̀, kò tíì gbẹ tán.

"Kí lo kùn pa?"

Ọkùnrin náà wolẹ̀. "Orúkọ ọmọ wọn. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, tó kú. Bọ̀ọ̀dá fẹ́ ta ọkọ̀, ẹni tó fẹ́ rà á ò sì fẹ́ orúkọ òkú lára rẹ̀. Wọ́n ní kí n kùn ún. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún Àǹtí. Ohun tá a torí ẹ̀ pariwo nìyẹn."

"Àǹtí rí i kí wọ́n tó gbéra?"

"Ẹ̀yìn ni wọ́n gbà wọnú ọkọ̀. Wọn ò dé iwájú."

Fimúfínlẹ̀ padà sínú ọkọ̀. Ohun tó ṣe pa ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ibẹ̀ lẹ́rìn-ín: ó yọ ahọ́n, ó lá gíláàsì. Ó lá irin. Ó fa okùn ìdákọ̀ró, ó tú u síra, ó ki àárín rẹ̀ bọnu, ó ń rún un lẹ́nu.

"Ọ̀gá, ṣé ebi ń pa yín ni?"

"Iyọ̀ ni mò ń wá."

Ẹ̀rín ọlọ́pàá náà rọlẹ̀. Bí omi òkun bá gbẹ lára nǹkan, iyọ̀ rẹ̀ á kù. Gíláàsì yìí ò níyọ̀. Okùn tí wọ́n ní ó wọ inú òkun, ẹrẹ̀ nìkan ló kù nínú rẹ̀.

Inú Fimúfínlẹ̀ ò dùn sí ohun tó rí. Ẹ̀rù bà á. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ta ló ní ogún ọdún nílẹ̀? Ọkùnrin kan lè wà níbì kan tó ń kú lọ, gbogbo ọkọ̀ tó ń wá a sì wà lójú òkun.

Ó sáré bá ìyàwó dókítà.

"Mà, ọkọ̀ yín ò dé òkun. Ẹni tó ṣèèṣì já sómi kì í kọ́kọ́ bọ́ bàtà, kó tò ó. Ẹ̀yin lẹ tú irin yẹn. Níbo lẹ fi í sí?"

"Ó ti kú, ọ̀gá."

"Kí lẹ wá di egbòogi rẹ̀ mú fún?"

Obìnrin náà wo ike ọwọ́ rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Koríko lọ́ mọ́ ẹ́ńjìnnì níbi òkìtì iyanrìn àárín odò. Ó bọ́ bàtà, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ já a. Mo lọ síwájú lọ ju ìdákọ̀ró. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé orúkọ ọmọ mi ò sí mọ́. Mo bi í. Kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, 'Ṣé òkú ń wa ọkọ̀ ni?' Ó rẹ́rìn-ín, ọ̀gá. Ó rẹ́rìn-ín."

Ó fẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Ó ti já koríko náà tán. Mo fa ìdákọ̀ró, mo ṣáná sí ẹ́ńjìnnì, mo lọ. Mo kàn fẹ́ kí ẹ̀rù bà á ni. Nígbà tí mo padà, òkun ti ti odò sókè, omi ti bo iyanrìn. Mo pè é títí ohùn mi fi há. Bí mo bá ní odò ni, wọ́n á béèrè ẹni tó wa ọkọ̀ lọ. Ta ló máa bi òkun léèrè? Ni mo bá tú irin."

Awakọ̀ tí wọ́n lé níṣẹ́ ló wa Fimúfínlẹ̀ àti obìnrin náà lọ síbi òkìtì iyanrìn, kò dúró kí wọ́n bẹ òun. Wọ́n ti pe ọkọ̀ kan lójú òkun pé kó padà wá pàdé wọn.

Omi ti fà. Iyanrìn ti yọ, kò sẹ́nì kankan lórí rẹ̀. Awakọ̀ ló nawọ́ sí ìsàlẹ̀ odò. Igi kan nà sórí omi níbẹ̀. Dókítà wà lórí rẹ̀, ó fi bẹ́líìtì so ara rẹ̀ mọ́ igi. Ó ti bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀, ó so ó mọ́ ẹ̀ka tó kọjú sí odò.

Fimúfínlẹ̀ gun igi náà, ó fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. Ara rẹ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kò mí mọ́.

"Ẹ fún un ní egbòogi rẹ̀," ìyàwó rẹ̀ ń wí nísàlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un."

Ọkọ̀ tí wọ́n pè lójú òkun dé bá wọn. Ọ̀gá inú rẹ̀ ṣí fìlà, ó wo ṣẹ́ẹ̀tì tó so lórí igi títí.

"Ibí la gbà kọjá láàárọ̀, tá à ń sáré lọ sójú òkun," ó ní. "Mo rí i. Mo rò pé lékeléke ni."