Agbẹnusọ Bàbá Rẹ̀

"Ibo ló ti ṣiṣẹ́ rí nílùú yìí?"

Ọ̀gá káfíńtà kò wojú bàbá àti ọmọbìnrin rẹ̀ tó dúró níwájú rẹ̀. Pákó tó ń fá ló ń wò.

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n yà láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìbéèrè yìí ni wọ́n fi lé wọn jáde. Gbogbo ọdún tí bàbá ti fi ṣe káfíńtà nílùú tí wọ́n ti ṣí wá kò jọ àwọn ọ̀gá náà lójú. Wọ́n ní àfi ẹni tó ti ṣiṣẹ́ nílùú àwọn rí. Ta ló wá fẹ́ kọ́kọ́ gbà á?

"Kí ló wí, Agbẹnusọ?" bàbá béèrè.

Orúkọ tó sọ ọmọbìnrin rẹ̀ nìyẹn látìgbà tí wọ́n ti ṣí wá, nítorí ọmọ náà ló ń lọ ilé ẹ̀kọ́, òun ló gbọ́ èdè ìlú náà.

Inú ń bí ọmọ náà. Ó kórìíra ọ̀gá yìí àti gbogbo àwọn tó ti yínmú sí bàbá rẹ̀. Ó kọjú sí ọkùnrin náà.

"Wọ́n ti ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ káfíńtà kan lódìkejì odò." Ó sì ka nọ́ńbà fóònù ara rẹ̀ fún un bí ẹni pé ti káfíńtà náà ni.

"Kí lo sọ fún un?"

"Mo ní ẹ mọṣẹ́, Bàámi."

"Kó wá lọ́la, kí n rí ọwọ́ rẹ̀," ọ̀gá náà wí.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá nìkan ló lọ. Ọmọ náà wà lẹ́yìn kíláàsì nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ó yí ohùn padà bí ti àgbàlagbà.

"Ṣé káfíńtà kan bá yín ṣiṣẹ́ rí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ó mọṣẹ́ dáadáa."

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

Kò yẹ kí èyí le. Àmọ́ láti ọjọ́ tó ti dáyé, kò pe orúkọ bàbá rẹ̀ rí. Ta ní í pe bàbá tó bí i lórúkọ? Ó lanu, kò rí i pè. Nígbà tí ọ̀rọ̀ máa jáde, "Bàámi" ló jáde, ní ohùn tirẹ̀ gan-an.

Ohùn bàbá rẹ̀, tó dúró ti ọ̀gá náà tó sì ń gbọ́ fóònù, ló dáhùn. "Agbẹnusọ, ṣé ìwọ nìyẹn?"

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ ń bá a. Tirẹ̀ kò tilẹ̀ rìn jìnnà.

"Ìwọ lo tẹ̀ lé e wá lánàá," ọ̀gá náà wí. "Mo ti rí iṣẹ́ rẹ̀. Mo ti fẹ́ gbà á. Iye tí wọ́n ń san fún un ni mo fẹ́ béèrè. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù mi lé òpùrọ́ lọ́wọ́, gbogbo káfíńtà àdúgbò yìí ló sì máa gbọ́."

"Wọn ò mọ̀ nípa ẹ̀, ọ̀gá. Èmi ni mo purọ́."

"Ṣebí ìwọ lẹnu rẹ̀." Ó pa fóònù.

Nírọ̀lẹ́, bàbá gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ náà ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, títí dórí ohun tí ọ̀gá náà pè é.

"Wọ́n ti ń lé mi látọjọ́ yìí, mi ò kú," bàbá wí. "Àmọ́ ẹnìkan ò pè mí lópùrọ́ rí. Mi ò tiẹ̀ lanu."

Kò pè é ní Agbẹnusọ mọ́. Gbólóhùn kan péré ló ní kó kọ́ òun ní èdè ìlú náà: "Mi ò tíì ṣiṣẹ́ níbí rí, ẹ dán mi wò." Ó ń tún un pè títí ó fi yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó dá jáde, ó gba àdúgbò mìíràn lọ.

Ọmọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ojú ń tì í. Ìgbà yẹn ló yé e pé orúkọ ẹni tí a ń gbẹnu sọ fún ló wà lẹ́nu wa. Irọ́ tí a bá fi ràn án lọ́wọ́, orúkọ rẹ̀ ló ń bà jẹ́.