Mo Ti Pa Á, Ìyàwó Wa

Olúsànmí kò tíì kan omi tí ọkọ̀ ojú omi fi pa á.

Orí ilẹ̀ gbígbẹ ló kú sí, níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́ sí odò Warri, nísàlẹ̀ èbúté. Mọ́tò kan ló ń fi ẹ̀yìn ti tírélà lọ sí etí omi. Kì í ṣe tírélà akérù ńlá. Férémù irin onítáyà méjì lásán ni, èyí tí wọ́n fi ń gbé ọkọ̀ ojú omi. Olúsànmí dúró lẹ́yìn, ó ń fọwọ́ júwe fún dírẹ́bà. Táyà òsì yọ. Tírélà fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ọkọ̀ wó lù ú.

Nígbà tí Inspẹ́kítọ̀ Bímbọ́lá dé, wọ́n ti fi tapólì bo òkú. Ẹsẹ̀ kan yọ síta, bàtà ṣì wà níbẹ̀. Bímbọ́lá wo ẹsẹ̀ náà, ó lọ síbi tí táyà wà. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni obìnrin yìí, Warri ni wọ́n bí i sí. Kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀.

"Madam, na accident," ni Efe, kọ́ńsítébù rẹ̀, wí.

"Who tell you?"

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Irin tí táyà máa ń yí lé lórí ṣì wà lára tírélà. Ihò kékeré kan wà lórí irin náà. Inú ihò yẹn ni píìnì máa ń wà, kí nọ́ọ̀tì tó di táyà mú má bàa tú. Píìnì kò sí níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ó kán ni, àjákù rẹ̀ ì bá wà nínú ihò. Ihò mọ́ fónífóní.

"Somebody comot am," ni Bímbọ́lá wí.

Ó wo bíárìn, irin roboto tó ń jẹ́ kí táyà yí. Táyà kan ní méjì, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lóde. Ti inú kún fún gíríìsì aláwọ̀ búlúù, ó nípọn, ó dára. Ti òde ti jóná dúdú. Ó mú ìdérí tó máa ń bo ti òde, tó bọ́ sílẹ̀. Ohun funfun díẹ̀ lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀. Ó fi ìka kàn án, ó yọ́ mọ́ ọn níka. Ó gbé e sí imú, ó gbé e fún Efe.

Efe yínmú. "E be like my grandmama box."

Òórùn àpótí aṣọ ìyá àgbà ni lóòótọ́. Bímbọ́lá fi ìdérí náà sínú ọ̀rá, ó so ó.

Nílé wọn ní Okumagba Layout, gbogbo ènìyàn ló ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi.

"Èmi ni mo pa á, Anti," ni Mojísọ́lá, ìyàwó olóògbé, wí. Ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. "Ó ní ká ní sùúrù díẹ̀. Èmi ni mo ń kán an lójú pé ká máa lọ."

"Ibo lẹ ń lọ?"

"Sílé. Etíkun Ìlàjẹ. Ó fẹ́ máa pẹja níbẹ̀. Ìyẹn ló ṣe kan ọkọ̀ yẹn fúnra rẹ̀, nínú ọgbà yìí. Gbogbo ilé fẹ́ lọ, àfi Màmá."

Ìkúnayọ̀, àbúrò olóògbé, jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Mẹkáníìkì ni.

"Èmi ni," ó wí. "Mo tú táyà méjèèjì, mo fọ bíárìn, mo kó gíríìsì tuntun sí i. Mo fi tírélà sílẹ̀ lórí jáàkì, mo lọ bá àwọn kọ́áyà kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí mo dé, mo kàn sọ ọ́ kalẹ̀ ni. Mi ò tún un wò."

"Píìnì ńkọ́?"

"Mo fi í sí i kí n tó lọ. Mo tẹ ẹnu rẹ̀. Mo sì dé e."

Adéfọláhàn tó ń ta ẹ̀yà mọ́tò ní Deco Road ti wá kí wọn. Òun ló ta gíríìsì fún wọn. Fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fún un bí aṣọ tútù.

"Ọ̀gá ọlọ́pàá, mo bá Sànmí jà. Ó ní ayédèrú ni gíríìsì mi, lójú àwọn oníbàárà. Mo ní kí omi gbé e lọ. Ọlọ́run gbọ́, ẹnu lásán ni. Ṣé ẹnu mi ló pa á?"

"Ẹ ṣí agolo gíríìsì yín tó wà nílẹ̀ yẹn."

Ó ṣí i. Búlúù ni, ó ń rùn bí epo mọ́tò. Bímbọ́lá ní kó máa lọ sílé.

Ìyá olóògbé jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì. Màmá Sànmí ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Kò sunkún. Ó ń fọwọ́ ra orúnkún rẹ̀. Bímbọ́lá kúnlẹ̀ kí i.

"Ẹ kú ìrọ́jú, Màmá."

"Orúnkún yìí," ni màmá wí. "Òun ni kò jẹ́ kí n bá wọn dé etí omi."

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgbà yẹn ni Efe sáré wọlé. Fóònù tó gbà lọ́wọ́ Ìkúnayọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Madam, case don close! Read am."

Ọ̀rọ̀ méjì ló wà níbẹ̀, láti àná. Mojísọ́lá ló kọ ti àkọ́kọ́: *Oko mi e joo e pa a daadaa. A n lo lola.* Ìkúnayọ̀ ló dá a lóhùn: *Mo ti pa a iyawo wa.*

"She dey call her husband brother 'my husband'," ni Efe wí. "'My husband, abeg kill am well well.' Im answer, 'I don kill am.' Na two of them."

Kí Bímbọ́lá tó la ẹnu, àwọn ọlọ́pàá tó tẹ̀lé Efe wọlé ti de àwọn méjèèjì lọ́wọ́. Mojísọ́lá kígbe pé ọmọ òun kò tíì mu ọyàn. Wọ́n gbé òun àti ọmọ sínú mọ́tò. Màmá Sànmí dìde díẹ̀, ó tún jókòó.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ọ̀gá sọ pé láàárọ̀ ọ̀la, Asaba ni wọ́n ń gbé àwọn méjèèjì lọ, ẹjọ́ ìpànìyàn sì ni.

Bímbọ́lá gbé fóònù síwájú Efe. "Who interpret this thing for you?"

"One girl wey dey sell recharge card for junction. Her papa na Yoruba."

"Her papa na Yoruba. She nko?"

Efe gba fóònù, ó tún wò ó.

"Listen. Yoruba wife no dey call her husband brother by name. Na 'ọkọ mi' she dey call am. Even if na small pikin she meet for that house, na her husband be that."

"So una dey marry whole compound?"

"Shut up. When you rub cream for body, we dey call am 'pa'. Ó fi ìpara pa ara. Na bearing the woman say make im rub grease. Im answer say im don rub am."

"And if person wan kill person?"

"Na the same 'pa'."

"Dem no dey call am different?"

"Same tone."

Efe họ orí. "Madam, this una language fit put person for trouble."

"E don put two."

Ọ̀gá gbọ́ àlàyé yìí, ó mi orí. Ó ní àlàyé dára, ṣùgbọ́n ẹnìkan ló yọ píìnì. Bí Bímbọ́lá kò bá mú ẹni náà wá, àwọn tó wà ní àtìmọ́lé ló máa lọ.

Wọ́n mú Ìkúnayọ̀ jáde. Bímbọ́lá tú ọ̀rá, ó gbé ìdérí táyà sábẹ́ imú rẹ̀.

"Kí nìyí?"

Ìkúnayọ̀ fà á símú. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé èmi ni."

"Pé o ṣe kí ni?"

"Pé mo pa á. Kì í ṣe ti gíríìsì. Èkejì yẹn gan-an."

"Ta lò ń bò?"

Ó fi ìka ti ìdérí náà padà.

"Ó dáa, èmi á sọ̀rọ̀," ni Bímbọ́lá wí. "Gíríìsì rẹ ṣì wà nínú bíárìn inú. Bó bá jẹ́ ìwọ ni, o máa yọ táyà kúrò, o sì máa ba méjèèjì jẹ́. Ẹni yìí fi táyà sílẹ̀ níbi tó wà. Ti òde nìkan ló yọ, torí kò lè gbé táyà. Ṣùgbọ́n ó mọ bí wọ́n ṣe ń tú u. Ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́?"

"Bàbá mi."

"Ta ló máa ń bá bàbá rẹ fọ bíárìn?"

Ìkúnayọ̀ fi ọwọ́ méjèèjì tó wà nínú ṣẹkẹṣẹkẹ̀ bo ojú. Ó bú sẹ́kún.

Màmá Sànmí kò tíì kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Oúnjẹ tí àwọn aládùúgbò gbé wá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti tutù. Efe dúró ní géètì. Bímbọ́lá jókòó tì í lórí ilẹ̀.

Ó ti ń ro ọ̀rọ̀ náà bọ̀ látọ̀nà. Ìyàwó ní òun ni. Àbúrò ní òun ni. Ẹni tó ta gíríìsì pàápàá ní ẹnu òun ni. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò sọ ọ́.

"Màmá, orúnkún ń ro ìyá tèmi náà. Kí lẹ fi ń pa tiyín?"

Màmá na ọwọ́ sábẹ́ àga, ó fa agolo mílíìkì kan jáde, ó ṣí i. Òrí ni, ó ti po káfúrà mọ́ ọn. Òórùn àpótí aṣọ ìyá àgbà tú jáde.

Bímbọ́lá ti ìka bọ inú òrí náà. Ìka rẹ̀ kan irin. Ó fà á yọ, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò rẹ̀. Píìnì ni.

"Háà," ni màmá wí wẹ́rẹ́. "Ibẹ̀ ló wà."

"Ẹ sọ ọ́ fún mi, Màmá."

"Mo fi í síbẹ̀ kó má bàa sọnù. Mo fẹ́ dá a padà."

Ó ń wo píìnì náà bó ṣe ń sọ̀rọ̀.

"Òkun Ìlàjẹ ló gbé bàbá wọn. Mo ń retí òkú, bàtà kan ni wọ́n gbé wá fún mi. Mo kó àwọn ọmọ mi kúrò níbẹ̀, mo kó wọn wá sí Warri. Sànmí ní òun ń padà lọ. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Màmá, ẹ ti dàgbà, ẹ̀rù ló ń bà yín.' Nígbà tí Ìkúnayọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí táyà wà lókè lórí jáàkì, mo yọ bíárìn. Mo fi kẹrosíìnì fọ gíríìsì rẹ̀ dànù, mo fi òrí sí i. Òrí kì í fara da iná. Mo mọ̀ pé bí irin bá gbóná, òrí á yọ́ dànù, irin á máa han, wọ́n á gbé e padà wálé. Kí n ṣáà tún rí ọjọ́ mélòó kan fi bẹ̀ ẹ́. Mo gbọ́ ohùn Mojísọ́lá ní géètì. Mo yára dé e. Mo gbàgbé píìnì."

"Wọ́n mú Ìkúnayọ̀ lójú yín. Wọ́n mú ìyàwó tòun tọmọ. Ẹ dákẹ́."

"Mo dákẹ́. Mo ní wọn ò ṣe nǹkan kan, wọ́n á fi wọ́n sílẹ̀. Gbogbo wọn ń sọ ọ́ jáde pé àwọn ni, wọ́n ń sunkún. Èmi tí mo ṣe é, mi ò rí ẹnu, mi ò rí omijé. Ojú wo ni mo fẹ́ fi wo ìyàwó ọmọ mi?"

Bímbọ́lá mú ṣẹkẹṣẹkẹ̀ jáde. Ó wo orúnkún màmá, ó wú bí àgbọn. Ó dá ṣẹkẹṣẹkẹ̀ padà sápò, ó fi apá gbá màmá mú, ó gbé e dìde.

"Ẹ jẹ́ ká lọ, Màmá. Àwọn ọmọ yín ń dúró dè yín kí wọ́n tó lè wá sílé."

Wọ́n rọra rìn dé géètì. Níbẹ̀ ni màmá dúró, ó bojú wẹ̀yìn wo agolo tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Òrí tí mo fi ń pa orúnkún," ó wí, "òun ni mo fi pa ọmọ mi."

Efe ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò fún un. Nígbà tí màmá ti wọlé tán, ó sún mọ́ Bímbọ́lá.

"Madam, I hear 'pa' for there. Na which one she talk?"

"Na the two," ni Bímbọ́lá wí.