Ojú Àgbàrá Kpata

Ní ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù kẹta ọdún 1957, wọ́n kó àwọn ará Kpata, àdúgbò kan létí Odò Ọya, jọ sí gbàgede Paparanda láti sọ fún wọn pé ilé wọn kì í ṣe ilé wọn mọ́.

Oòrùn ti mú. Àwọn àgbà ọkùnrin jókòó lórí ẹní lábẹ́ igi, láwàní funfun lórí wọn, agbádá sányán tí wọ́n ń fi kírun Jímọ́ọ̀ lọ́rùn wọn. Ọmọ oníṣòwò ni wọ́n, láti Ìlọrin àti Ọ̀yọ́. Àwọn bàbá wọn ti ń ta iyọ̀ àti awọ létí odò náà nígbà tí ọkọ̀ eléèéfín ṣì jẹ́ ohun ìyanu. Àwọn obìnrin dúró lẹ́yìn wọn. Láàárín àwọn obìnrin náà ni Mùsílímátù wà, opó ẹni àádọ́ta ọdún tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Aláró, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dúdú dé ìgbọ̀nwọ́.

Ẹnjiníà òyìnbó kan tẹ́ àwòrán ìlú sórí tábìlì. Odò Ọya jẹ́ búlúù lórí àwòrán náà, ọ̀nà jẹ́ pupa, Kpata sì jẹ́ àyè funfun tí ẹnikẹ́ni kò kọ nǹkan kan sí. Bámiṣayé, akọ̀wé tó ń wọn ilẹ̀, ọmọ Ìyàmọyè, ló ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Ọdún mẹ́fà léra wọn ni omi ti wọ ilé yín," ni Bámiṣayé wí. "Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, kí gbogbo Kpata kó lọ sí Crusher lẹ́yìn ìlú. Etí odò yóò di ọ̀nà gbọọrọ. Igi yóò wà lọ́tùn-ún lósì, àga ìgbafẹ́ yóò wà, omi ẹ̀rọ yóò sì máa ṣàn níbẹ̀ tọ̀sán-tòru."

Mùsílímátù gbé ohùn sókè láti ẹ̀yìn. "Akọ̀wé, bá mi bi í: nígbà tí gbogbo wa bá ti lọ tán, ta ni yóò mu omi ẹ̀rọ náà? Ẹja?"

Ẹ̀rín bú. Bùràímọ̀, olórí àdúgbò, yíjú padà. "Ìyá Aláró, ẹ rọra."

"Bàbá, láti ọdún mẹ́fà ni mo ti ń rọra."

Bámiṣayé bá òyìnbó sọ̀rọ̀ díẹ̀. Kàrímọ́tù, tí òun àti Mùsílímátù jọ ń rẹ aṣọ, pariwo: "Akọ̀wé, mi ò gbọ́ 'fíṣì' nínú ohun tí o sọ yẹn! Má gbé ẹja wa mì!"

Òyìnbó béèrè ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Bámiṣayé sọ ọ́ fún un, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. Òyìnbó kò rẹ́rìn-ín. Ó ní odò ló ń kún wọ Kpata, kò sì sí ẹni tó lè bá odò jà.

"Irọ́ ni," ni Mùsílímátù wí. "Òyìnbó yìí kò sùn sí Kpata lọ́jọ́ òjò rí. Kó rán ẹni tó lójú wá, kí n fi ibi tí omi ti ń wá hàn án."

Òyìnbó tú ìwé rẹ̀ wò díẹ̀, ó ní kí akọ̀wé náà lọ, kó sì mú ìròyìn wá láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Bí ìròyìn náà kò bá ní ẹ̀rí, àṣẹ dúró.

Lọ́jọ́ kejì ni Bámiṣayé dé pẹ̀lú ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta àti irin gígùn kan.

"Okun o, ìyá," ni ó kí i, bí wọ́n ti ń kí ara wọn ní Ìyàmọyè.

"Okun náà. Wọlé. Ṣé ẹja àná ti dà nínú rẹ?"

Ó rẹ́rìn-ín, ojú sì tì í. Mùsílímátù mú un lọ síbi ògiri ilé tó kọjú sí odò. Ìlà aró wà lára ògiri náà, wọ́n tó ọgbọ̀n. Ní ilé àwọn aláró Kpata, lọ́jọ́ tí omi bá ga jù lọ lọ́dún, ìyálé ilé a ti ìka bọ ìkòkò aró, a sì fa ìlà síbi tí omi dé. Wọ́n ní kí omi lè rí ibi tó dúró sí, kí ojú tì í láti kọjá ibẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Àwọn ará ìlú tó kù máa ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ nítorí rẹ̀.

"Wò ó dáadáa," ni Mùsílímátù wí. "Ọgbọ̀n ọdún. Èwo ló ga ju orúnkún mi lọ?"

Kò sí ọ̀kan. Ó wá mú un lọ sẹ́yìn ilé, síbi ògiri tó kọjú sí Òkè Pátì, òkè ńlá tó wà lókè ìlú. Ìlà mẹ́fà péré ló wà níbẹ̀, ọ̀kan lórí èkejì, èyí tó kẹ́yìn sì dé àyà Bámiṣayé.

"Ìgbà wo ni ẹ fa èyí àkọ́kọ́?"

"Ọdún tí wọ́n la ọ̀nà tuntun sí ìdí òkè. Ṣáájú ìgbà yẹn, ògiri ẹ̀yìn kò mọ omi."

Bámiṣayé wo ògiri náà títí. "Ẹ̀yìn ni omi ti ń wá," ni ó wí nígbẹ̀yìn. "Kì í ṣe odò. Àgbàrá òkè ni."

"A ti mú wọn!" ni Kàrímọ́tù wí, ó sì pàtẹ́wọ́. Bùràímọ̀ náà dé, gbogbo wọn sì tẹ̀ lé akọ̀wé lọ sí ìdí ọ̀nà tuntun. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti hàn kedere. Omi òkè tó máa ń gba ojú mẹ́wàá sọ̀kalẹ̀ nígbà àtijọ́, àwọn tó la ọ̀nà ti darí gbogbo rẹ̀ sí ẹnu kọ́fátì kan ṣoṣo, ihò tí omi ń gbà lábẹ́ ọ̀nà. Wọ́n fẹ́ kí ọkọ̀ àwọn ọ̀gá rí ọ̀nà gbà. Wọn kò béèrè ibi tí omi yóò gbà lọ, nítorí ibi tó ń lọ kò sí lórí àwòrán wọn.

Wọ́n tẹ̀ lé ojú àgbàrá àtijọ́ láti ẹnu kọ́fátì náà wá sí ìsàlẹ̀, láàárín ilé sí ilé, títí ó fi dé ẹ̀yìn ẹbu aró Mùsílímátù, níbi tó ti ń rẹ aṣọ. Ibẹ̀ ló sọnù sí. Ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Bámiṣayé ti irin rẹ̀ bọlẹ̀, irin náà sì wọlé bí ẹni ti ìka bọ ẹ̀kọ. Nígbà tó fà á jáde, eérú ló lẹ̀ mọ́ ọn, ẹnu rẹ̀ sì jẹ́ búlúù.

Aláró kan kò lè ṣe aró láìsí eérú, eérú tí wọ́n bá ti fún omi rẹ̀ tán kò sì wúlò mọ́. Ìran mẹ́ta aláró ti ń dà á sẹ́yìn ilé. Ìyá ọkọ Mùsílímátù ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀: dà á síbẹ̀ kí ilẹ̀ lè ga, kí odò má baà rí wa mú. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni Mùsílímátù fi ń gbógun ti odò tí kò bá a jà, tó sì ń dí ọ̀nà mọ́ omi tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Bùràímọ̀ wúkọ́. "Akọ̀wé, fọ irin yẹn. Ọ̀nà òyìnbó ló kó omi jọ. Òótọ́ ni. Ìyẹn nìkan ni kí o kọ."

"Àbí," ni Kàrímọ́tù wí. "Ta ló wá wo eérú?"

Bámiṣayé wo Mùsílímátù. Obìnrin náà wo irin.

"Bí a bá fọ irin, ṣé òjò yóò tìtorí ìyẹn rí ọ̀nà?" ni ó wí. "Òyìnbó yóò wá wò ó, yóò rí eérú, yóò sì pè wá ní òpùrọ́. Kọ méjèèjì. Ọ̀nà wọn ló kó omi jọ. Eérú mi ló dí i. Kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, má sì gbé ìkankan mì."

Ó kọ ọ́. Inú òyìnbó kò dùn sí ìdajì àkọ́kọ́ ìwé náà, ṣùgbọ́n ó wá fúnra rẹ̀, ó wo ògiri méjèèjì, ó wọn àwọn ìlà náà. Ó ní bí omi bá rí ọ̀nà dé odò nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, òun yóò tún àwòrán yà. Bí kò bá rí ọ̀nà, Crusher ni.

Àárín ẹbu náà ni ọ̀nà omi gbọ́dọ̀ gbà, ìkòkò mọ́kànlá ni wọ́n sì rì mọ́ ilẹ̀ níbẹ̀ dé ọrùn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Mùsílímátù dúró ti èyí tó tóbi jù. Aró tó ti pọn dáadáa wà nínú rẹ̀, ó ń dán bí ojú adìyẹ.

"Ìkòkò ìyá ọkọ rẹ rèé o," ni Kàrímọ́tù wí, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ó kéré tán, jẹ́ ká kọ́kọ́ rẹ aṣọ tó wà nílẹ̀."

Mùsílímátù gbé ọkọ́ sókè, ó sì fọ́ ìkòkò náà. Ó wo àwọn ènìyàn tó tò sí ẹ̀bá ògiri. "Ẹ̀yin tí ẹ ń wò mí, ṣé ojú ni wọ́n fi ń wa ilẹ̀?"

Wọ́n wọlé. Àwọn apẹja Núpé gbé ọkọ́ wá, àwọn obìnrin Ígálà gbé agbọ̀n, àwọn alápatà Háúsá bọ́ ẹ̀wù sílẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, apẹja kan dúró ti ọkọ́ rẹ̀, ó wo bí kòtò náà ti ń sún mọ́ ìpìlẹ̀ ilé.

"Mama, na your house be dis o."

"Water first me come," ni Mùsílímátù dá a lóhùn. Ó sì ń wa ilẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kejìdínlógún, òjò rọ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Àgbàrá jáde láti ẹnu kọ́fátì bí ẹran tó já okùn, ó gba àárín Kpata, ó gba àárín ẹbu tó ti di àfonífojì, ó sì bọ́ sínú odò pẹ̀lú ariwo. Bùràímọ̀ fi ọ̀pá rẹ̀ kan ìdí ògiri ilé sí ilé. Wọ́n gbẹ. Ọkùnrin àgbàlagbà náà dúró nínú òjò, ó ń sunkún, kò sì nu ojú rẹ̀.

Òyìnbó mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Ó tún àwòrán yà: wọn yóò fi òkúta mọ ojú àgbàrá náà, àtẹ̀gùn yóò wà létí odò fún àwọn obìnrin, èbúté yóò wà fún ọkọ̀ ojú omi, omi ẹ̀rọ yóò wà níbi mẹ́ta ní Kpata. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, Bámiṣayé dé ọ̀dọ̀ Mùsílímátù, ó jókòó, kò lè sọ̀rọ̀.

"Ṣé ẹja tún há ọ lọ́fun ni?"

"Ìyá, wọ́n ní ilé kankan kò gbọdọ̀ wà láàárín ìṣísẹ̀ méjìlá sí ojú àgbàrá. Wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Ilé kan ṣoṣo ló bọ́ sí i."

Mùsílímátù mọ ilé náà. Ó béèrè ibi tí wọn yóò fún òun. Bámiṣayé sọ ọ́, ó sì bo ojú rẹ̀.

Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé, nínú gbogbo Kpata, Mùsílímátù nìkan ló kó lọ sí Crusher. Kò sí omi tó tó rẹ aṣọ níbẹ̀. Ó ń ta àlùbọ́sà. Nígbà tó fi pé ọdún méjì, ọwọ́ rẹ̀ ti padà di àwọ̀ ara rẹ̀.

Omi ẹ̀rọ dé ní ọdún 1961. Òyìnbó ti lọ sílé, àwọn ọ̀gá tuntun jẹ́ aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, wọ́n sì ka orúkọ àwọn tó ṣiṣẹ́ náà fún odindi wákàtí kan. Orúkọ aláró kankan kò sí níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí ẹ̀rọ, àwọn obìnrin tò. Mùsílímátù wà láàárín wọn pẹ̀lú garawa rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ rìn láti Crusher.

Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ jẹ́ àlejò ní ìlú. "Ìyá, wọ́n ní Crusher lẹ ti wá. Omi Kpata nìyí. Ẹ bọ́ sẹ́yìn."

Kàrímọ́tù la ẹnu láti bú u. Mùsílímátù fi ọwọ́ dá a dúró. Ó gbé garawa rẹ̀ kalẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ, ó sì nàka sí ojú àgbàrá, níbi tí omi òjò àná ti ń sáré lórí òkúta.

"Ṣé o rí ibi tí omi yẹn ti yà sọ́tùn-ún? Ìyàrá mi nìyẹn. Ibẹ̀ ni mo bí ọmọ mẹ́rin sí. Ṣí i."

Ọkùnrin náà wo omi náà, ó wo obìnrin náà, ó sì ṣí i.