Ilẹ̀kùn Ìgbín Kékeré

Ní Ìdó-Òṣùpá, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá tẹ̀dó sí lórí òṣùpá láti máa wa omi dídì, eré àwòrán kan wà fún àwọn ọmọdé tí kò sẹ́ni tó lè sọ pé òun ti wò ó tán. Bó ṣe rí lánàá kọ́ ló máa rí lónìí. Ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní Agbèsì ló fà á. Bí òǹwòran bá ti wo eré náà tán, Agbèsì á bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe rí i sí?" Ohun tí onítọ̀hún bá sọ, bí àwọn mìíràn bá ti gbè é lẹ́yìn, Agbèsì á tún eré náà yà bẹ́ẹ̀ kí ọmọ aráyé tó jí lọ́jọ́ kejì.

Ọ̀mọ̀wé Ìbíwùmí Aládégbayé ló ṣe eré náà, òun náà ló sì ṣe ẹ̀rọ náà. Kò tíì bímọ, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ọmọ ju ọ̀pọ̀ abiyamọ tí mo mọ̀ lọ. Ó máa ń fi Agbèsì yangàn nígbà náà. Ó ní èrò ẹnikẹ́ni kò ní ṣòfò lọ́dọ̀ òun.

Bí eré náà ṣe rí níbẹ̀rẹ̀ kò le rárá. Ìgbín Kékeré ń jẹ ewé nínú ọgbà. Ó gbọ́ fèrè kan, fíí, tó ń sọ pé afẹ́fẹ́ ń jò, ó sì sáré bí ìgbín ṣe lè sáré mọ, ó wọ inú ìkarahun rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Ìyá rẹ̀ àgbà dé, ó kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta: kó, kó, kó. "Ìgbín Kékeré, ṣílẹ̀kùn fún mi." Omi bọ́ lójú Ìgbín Kékeré, ṣùgbọ́n kò ṣí i. Orin ló ń kọ fún ìyá àgbà láti inú ilé, títí fèrè fi dún lẹ́ẹ̀kejì. Ìgbà náà ló tó ṣílẹ̀kùn, tí àwọn méjèèjì jọ jẹ ewé.

Gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ, àmọ́ ẹ̀mí àwọn ọmọ ló so mọ́ ọn. Kò sí afẹ́fẹ́ lórí òṣùpá. Abẹ́ òrùlé dígí ńlá kan ni gbogbo ìlú ń gbé, afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń mí kò sì kọjá abẹ́ òrùlé náà. Nítorí ọjọ́ tí òrùlé bá lè là, wọ́n to àwọn yàrá irin kéékèèké sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé, yàrá kan fún ọmọ kan, afẹ́fẹ́ wákàtí mẹ́fà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìkarahun ni wọ́n ń pe yàrá náà. Inú nìkan ni wọ́n fi ìdè ilẹ̀kùn sí, nísàlẹ̀, níbi tí ọwọ́ ọmọ ọdún márùn-ún lè tó. Àwọn tó kọ́ ọ mọ̀ pé bí jìnnìjìnnì bá bo àgbàlagbà, ohun tí kò yẹ kó ṣe gan-an ni yóò ṣe, wọn kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè ṣí i láti ìta. Bí fèrè àkọ́kọ́ bá dún, ọmọ kò gbọ́dọ̀ ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni, àfi bí ó bá gbọ́ ìkejì, tó ń sọ pé afẹ́fẹ́ ti padà. Ìbíwùmí ló fi ẹ̀kọ́ yìí sínú eré kí ọmọ lè kọ́ ọ tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Àwọn òbí wo eré náà, wọ́n sì ní èrò.

"Àwọ̀ ewé yẹn dára o. Ọmọ mi ti ń jẹ ẹ̀fọ́. Ìràwọ̀ márùn-ún."

"Eré pẹ̀lẹ́ ni, a gbádùn ẹ̀, ṣùgbọ́n fèrè yẹn ń já àbíkẹ́yìn wa láyà. Ẹ bá wa sọ ọ́ di ohùn ẹyẹ."

"Kí ló dé tí ẹ ń fẹnu pe ibi? Afẹ́fẹ́ ò ní í jò lójú wa, láṣẹ Èdùmàrè. Ìràwọ̀ méjì."

Èyí tó wá da gbogbo ẹ̀ rú nìyí: "Ìyá àgbà ń kanlẹ̀kùn, ọmọ jókòó sínú ilé, kò kí i, kò kúnlẹ̀, kò ṣílẹ̀kùn! Ilé wo ni wọ́n ti tọ́ ọ? Ìràwọ̀ kan, nítorí orin ni mo ṣe fún un lọ́kan náà." Bàbá Adéṣọkàn, olórí ìgbìmọ̀ àgbà, ló kọ ọ́. Lọ́dọ̀ rẹ̀ ni Ayọ̀kúnnú ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń gbé, nítorí ìdí ìwakùsà omi dídì ni àwọn òbí ọmọ náà máa ń wà fún oṣù méjì méjì. Irinwó ènìyàn ó lé ló gbe Bàbá lẹ́yìn. Ìgbín tí kò ní orúnkún ni wọ́n ní kó kúnlẹ̀!

Agbèsì kì í jiyàn. Ó sọ fèrè di ohùn ẹyẹ. Ó ní afẹ́fẹ́ kò jò, pé ó kàn ń lọ ṣeré ni. Àdàpè olè ni "ọmọ ń fẹ́wọ́". Níkẹyìn, ó wá kan ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn náà. Bí ìyá àgbà bá ti kàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta, Ìgbín Kékeré á kúnlẹ̀, á ní, "Ẹ káàbọ̀, Màmá Àgbà," á sì ṣí i. Ìràwọ̀ wá ń rọ̀ lórí eré náà bí òjò. Ẹ̀rù ba Ìbíwùmí nígbà tó rí i, ó sì gba ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ lọ.

"Ẹ kú àpérò, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá," ó kúnlẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n pa Agbèsì, kí n dá ilẹ̀kùn yẹn padà sí títì."

Bàbá Adéṣọkàn rẹ́rìn-ín. "Ìwọ kọ́ lo ní èrò ẹnikẹ́ni ò ní ṣòfò? Àbí tiwa nìkan ló fẹ́ ṣòfò?"

"Bàbá, èrò dára lórí àwọ̀ ewé. Kò dára lórí ti afẹ́fẹ́, ẹ̀mí ló wà níbẹ̀."

"Gbọ́, ọmọ mi. Nígbà tí a ń kúrò ní ilé ayé, kí la rí kó wá síbí ju ẹ̀kọ́ ilé lọ? Bí ọmọ wa bá dẹni tó ń jókòó sínú ilé tí àgbà ń kanlẹ̀kùn níta, kí ló kù tó fi jẹ́ ọmọ wa? Ọdún mọ́kànlélógún la ti wà níbí, fèrè yẹn ò dún rí."

"Bó bá wá dún ńkọ́, sà?"

"Kò ní í dún! Ẹnu rẹ kọ́ la ó ti gbọ́ ọ."

"Àṣẹ," ni ìgbìmọ̀ wí.

Ìyá àgbà kan tó jókòó lápá òsì wá fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ sọ pé, "Ìbíwùmí, o ò tíì bímọ. Kò lè yé ọ."

Ọ̀rọ̀ náà gún un dé egungun. Ó dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó lọ sílé. Kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń pa Agbèsì wà lọ́rùn rẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn, kò sì nílò àṣẹ ẹnikẹ́ni kó tó lò ó. Ṣùgbọ́n àgbà ti ní rárá, kò sì fẹ́ kí wọ́n pe òun ní aláìgbọràn. Ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ nìyẹn, mi ò ní bò ó fún un.

Ní ilé Bàbá Adéṣọkàn, eré náà wá di eré ọ̀sán. Ayọ̀kúnnú á wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù, Bàbá á kàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọmọ á kúnlẹ̀ nínú rẹ̀, á ṣí i, á ní, "Ẹ káàbọ̀, Bàbá Àgbà!" Bàbá á fún un ní ẹ̀pà, àwọn méjèèjì á sì máa rẹ́rìn-ín. Bàbá fẹ́ràn ọmọ náà ju ojú rẹ̀ méjèèjì lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni òkúta tí kò ju èkùrọ́ lọ já láti òfuurufú, tó la òrùlé dígí lókè ilé ẹ̀kọ́. Fèrè dún, fèrè gidi. Àwọn olùkọ́ ti ọmọ mẹ́rìndínláàádọ́ta wọ inú ìkarahun wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbọ́ tí ilẹ̀kùn ń dé, gbà, gbà, gbà, kí àwọn náà tó sá àsálà. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin, kò sí afẹ́fẹ́ kankan mọ́ nínú ilé ẹ̀kọ́ náà.

Bàbá Adéṣọkàn ń bọ̀ láti ìdí ìwakùsà, ẹ̀wù afẹ́fẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó gbọ́, ó sáré. Àwọn aláàbò ní kó dúró, pé wákàtí kan péré ni wọn yóò fi dí ojú ibẹ̀, ó gba àárín wọn kọjá. Ó wọlé, ó rí àwọn ìkarahun lórí ìlà, orúkọ ọmọ lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó rí AYỌ̀KÚNNÚ. Ó rò ó pé ọmọ náà wà nínú òkùnkùn, òun nìkan, pé yóò máa sunkún. Níbi tí kò bá sí afẹ́fẹ́, ohùn kì í rìn, ṣùgbọ́n irin máa ń gbé ìró. Bàbá gbé ọwọ́ sókè, ó kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ẹ̀rọ tó wà nínú ìkarahun gba ohùn sílẹ̀. Ẹkún wà níbẹ̀ lóòótọ́. Lẹ́yìn náà, kó, kó, kó, ẹkún sì dá. Ohùn ọmọ náà wá dùn, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Bàbá Àgbà." Ìró ìdè ilẹ̀kùn ló gbẹ̀yìn. Lórí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n bá a, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára ìdè náà.

Ọmọ márùndínláàádọ́ta ló yè, nítorí kò sẹ́ni tó kanlẹ̀kùn fún wọn.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Ìbíwùmí yọ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, ó gba agbára láti tún eré yà kúrò lọ́wọ́ Agbèsì. Ó fi ẹnu tó fi ń béèrè èrò sílẹ̀ fún un. Ó dá fèrè padà, ó ti ilẹ̀kùn pa, ó sì lọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Bàbá Adéṣọkàn bí ọkùnrin, nítorí ìkúnlẹ̀ kò tó o mọ́.

"Dìde," Bàbá ní. "Mo kàn fẹ́ kó mọ̀ pé mo wà níbẹ̀ ni." Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá wọ́n lè yọ ohùn ìyá àgbà kúrò nínú eré, kí wọ́n fi ohùn tirẹ̀ síbẹ̀.

Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú eré náà báyìí, ìyá àgbà ti di bàbá àgbà. Ó ń kan ilẹ̀kùn, ó ń sunkún, ó ń sọ pé, "Èmi ni, ọmọ mi. Má ṣí i. Bí mo bá bẹ̀ ọ́ pàápàá, má ṣí i."

Ojoojúmọ́ ni Bàbá máa ń wá jókòó ti Ìbíwùmí láti gbọ́ èrò àwọn òǹwòran. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, Ìbíwùmí ló ń kà á fún un. Ní ọjọ́ kẹta, èyí wọlé:

"Wọ́n ti ba eré dáadáa jẹ́. Ohùn bàbá yẹn ń dẹ́rù ba ọmọ mi. Láti àná ló ti ń sọ pé bí fèrè bá dún, òun ò ní í ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ èmi ìyá tó bí i lọ́mọ. Ìràwọ̀ kan."

Bàbá ní kó tún un kà. Ìbíwùmí tún un kà.

"Ọlọ́run ṣeun," Bàbá wí, ó sì bú sẹ́kún.