Fìlà Pupa Tó Di Búlúù

"Ta ló rẹ bàbá ẹ sínú aró?"

Ẹlẹ́nu ló bèèrè bẹ́ẹ̀, ẹ̀rín sì ń pa á lọ lórí àga. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Àbígbẹ̀yìn ò rí ti ẹ̀rín rò. Lójú kọ̀ǹpútà níwájú rẹ̀, bàbá rẹ̀ tó jẹ́ wẹ́dà jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ojú rẹ̀ dà bíi ti ẹni tí òtútù ti pa, fìlà rẹ̀ tó pupa fòò sì ti di búlúù.

Ọjọ́ ìdánwò ni. Olùkọ́ ti ṣàlàyé fún wọn pé ojú wínníwínní ló kún inú kámẹ́rà, wọ́n tò bíi táìlì ilẹ̀, ṣùgbọ́n ojú kọ̀ọ̀kan ò rí ju àwọ̀ kan lọ: òmíràn pupa, òmíràn àwọ̀ ewé, òmíràn búlúù. Àwọ̀ tí ojú kan ò rí, kọ̀ǹpútà ní láti wò ó lára àwọn tó múlé tì í kí fọ́tò tó lè pé. Kálukú ti fi kámẹ́rà ilé ìwé ya fọ́tò kan, yóò sì kọ ètò kọ̀ǹpútà tí yóò mú àwọ̀ rẹ̀ pé. Ẹni tó bá yege ló máa wọ kíláàsì kọ̀ǹpútà, ibẹ̀ sì ni ọkàn Àbígbẹ̀yìn wà látọjọ́ tó ti pẹ́.

Ẹlẹ́nu fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn. "Fóònù lèmi fi ya tèmi, òun fúnra ẹ̀ ti tún àwọ̀ ẹ̀ ṣe. Mo ya bàbá ẹ náà mọ́ ọn. Gbà, fi rọ́pò. Ta ni yóò mọ̀?"

Àbígbẹ̀yìn fi rọ́pò lóòótọ́. Àwòrán náà ń dán, àmọ́ ńṣe ni Àbígbẹ̀yìn ń wò ó bí ohun olóhun. Nígbà tó ku ẹnìkan kó kàn án, ó pa ti fóònù rẹ́, ó dá bàbá aláró rẹ̀ padà.

"Orí ẹ ti yí," ni Ẹlẹ́nu sọ lábẹ́nu.

Olùkọ́ dé, ó wò ó títí. "Kí ló ṣe bàbá yìí?"

"Mi ò mọ̀, sà. Bí ètò mi ṣe gbé e jáde nìyẹn. Mo wá àṣìṣe ẹ̀ tì."

"Koríko ẹ̀yìn ẹ̀ ò yí padà. Pupa àti búlúù nìkan ló gba ipò ara wọn. Kí lo kọ́kọ́ ní kí ètò ṣe?"

"Ìlà dúdú kan wà létí òkè, ọ̀kan létí òsì. Mo ní kó gé wọn..." Ó fọwọ́ gbá iwájú orí. Gígé yẹn ti sún gbogbo ojú kúrò ní àyè wọn. Èyí tó rí búlúù ni ètò ń pè ní pupa. Ó yọ gígé náà kúrò, ó tẹ bọ́tìnnì. Fìlà pọ́n, ojú bàbá padà di ojú èèyàn.

Olùkọ́ fi fọ́tò mìíràn sí i. Ìyẹn náà jáde bó ṣe yẹ. "O yege." Ó yíjú sí Ẹlẹ́nu. "Ìwọ náà, fi ètò tìẹ ṣe èyí kí n rí i."

Ẹlẹ́nu ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, kò sí ètò kankan níbẹ̀. Olùkọ́ ní kó lọ kọ ètò tirẹ̀, kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Nílé, bàbá wo àwòrán méjèèjì, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. "Aláró yìí ni mo fẹ́. Ṣọ́ọ̀bù ni n ó gbé e kọ́ sí."

Àbígbẹ̀yìn mí kanlẹ̀. Ká ní ó ti fi ti fóònù bo àṣìṣe rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni, kò sẹ́ni tí ìbá bá a wá a, òun náà ìbá sì jókòó ti Ẹlẹ́nu láìní ètò tó ṣiṣẹ́. Àṣìṣe tó gbà láti fi han olùkọ́ ló rí àtúnṣe.