Àwòrán Kejì

Ìdajì irun ni bàbá Àwòdì gbé bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Apá ọ̀tún ń dán, òsì ṣì kún. Ó ní onígbàjámọ̀ fá a débì kan, ó gbé ẹ̀rọ sílẹ̀, ó fi ìka ya àpótí sínú afẹ́fẹ́ bíi rẹfirí, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ wo fídíò, ká mọ̀ bóyá irun ni tàbí òjìji." Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ wó ṣọ́ọ̀bù. Bàbá dé fìlà, ó gbalé lọ. Ìyá Àwòdì ló fá ìyókù fún un. Ó fẹ́ bá ọkọ rẹ̀ bínú sí onígbàjámọ̀, àmọ́ ẹ̀rín ò jẹ́.

Rẹfirí líìgì ńlá ni bàbá yìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, agbábọ́ọ̀lù kan ṣubú, bàbá ní kí eré máa lọ. Ọkùnrin tó wà nídìí fídíò pè é, ó fi àwòrán kan hàn án níbi tí ẹsẹ̀ ti kan ẹsẹ̀, ni bàbá bá fọn fèrè pẹnárítì. Ìgbà tí eré parí ni tẹlifíṣọ̀n tó gbé àwòrán kejì tí onífídíò fi pamọ́ jáde: agbábọ́ọ̀lù náà ti ń ṣubú kí ẹnikẹ́ni tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní kí bàbá lọ sinmi nílé. Láti ọjọ́ náà, kò sí èpè tí Àwòdì ò tíì ṣẹ́ fún ọkùnrin onífídíò, títí tí ìyá rẹ̀ fi ní kó fi díẹ̀ sílẹ̀ de ọ̀la.

Inú bàbá dùn díẹ̀ nígbà tí ọ̀gá ilé ìwé Àwòdì ní kó wá ṣe rẹfirí àṣekágbá bọ́ọ̀lù àwọn kíláàsì. Wọ́n tilẹ̀ ṣètò fídíò tiwọn: fóònù kan lórí igi láàárín pápá, ìkejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó góòlù, kọ̀ǹpútà lórí tábìlì. Àwòdì ni wọ́n fi sídìí ẹ̀, torí pé nǹkan kì í fo ojú rẹ̀ dá. Ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní Àwòdì nìyẹn.

Kíláàsì rẹ̀ ti fi góòlù kan ṣíwájú, eré sì ti ń parí lọ, nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn alátakò gbá bọ́ọ̀lù bí ẹni pé ó jẹ ẹ́ ní gbèsè. Gàgàrà, aṣọ́lé kíláàsì Àwòdì, gbá a mú, ó sì ṣubú sẹ́yìn. Ṣé ó wọlé àbí kò wọlé? Ariwo ta. Bàbá ya àpótí sínú afẹ́fẹ́, ó kọrí sí tábìlì.

Àwòdì ti wo méjèèjì. Nínú fídíò àárín pápá, ara Gàgàrà bo bọ́ọ̀lù, ó dà bíi pé kò wọlé. Nínú ti ẹ̀gbẹ́ òpó, bọ́ọ̀lù ti kọjá ìlà, ó ti wọlé jókòó.

"Ti àárín ni kó o fi hàn wọ́n o," ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ sọ sí i létí. "Ta ló máa mọ̀?"

Bàbá tẹjú mọ́ fídíò àárín pápá tí Àwòdì gbé síwájú rẹ̀. "Ṣé èyí nìkan lo ní?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Fóònù kejì ti kú."

"Ó dáa." Bàbá ò wo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó yíjú sí pápá, ó ju ọwọ́ pé kò wọlé, ó ní kí Gàgàrà máa gbá bọ́ọ̀lù lọ.

Ojú ti Àwòdì. Òun gan-an ló wá di ọkùnrin tó ti ń ṣépè fún. Ó sì mọ òfin: bí wọ́n bá ti gbá bọ́ọ̀lù báyìí, kò sí fídíò tó lè yí ìdájọ́ padà mọ́. Gàgàrà sì ti gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀, ó ti ń fẹ̀yìn rìn kó lè sáré gbá a.

Àwòdì gbé kọ̀ǹpútà, wáyà ń wọ́ tẹ̀lé e, ó sáré wọ pápá, ó sì jókòó lé bọ́ọ̀lù.

Díẹ̀ ló kù kí Gàgàrà gbá òun àti bọ́ọ̀lù pọ̀. "Àwòdì, ṣé orí ẹ pé?"

"Bàbá mi, fóònù kejì ò kú," ni Àwòdì wí, omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. "Irọ́ ni mo pa. Ó wọlé."

Bàbá wo àwòrán kejì. Ó fọn fèrè góòlù. Lẹ́yìn náà ló yọ káàdì yẹ́lò, ó nà án sí ọmọ rẹ̀ níbi tó jókòó sí. Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín.

Pẹnárítì ni wọ́n fi parí ẹ̀, kíláàsì Àwòdì sì fìdí rẹmi. Wọ́n gba iṣẹ́ fídíò lọ́wọ́ rẹ̀, Gàgàrà ò sì bá a sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi túká. Bí Àwòdì àti bàbá rẹ̀ ṣe ń rìn lọ sílé, ìbáwí ló ń retí.

"Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni," ni bàbá wí. "Àmọ́ ẹni tó gbé ẹjọ́ ẹnìkan wá, tó fi ti ẹnìkejì pamọ́, burú ju adájọ́ lọ. Má ṣe irú ẹ̀ mọ́ láyé ẹ."

"Mi ò ní ṣe é mọ́, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Bàbá rìn síwájú díẹ̀, ó wá gbé ọwọ́ lé e léjìká. "Nígbà tí wọ́n ṣe é fún èmi," ó ní, "kò sẹ́ni tó wá jókòó lé bọ́ọ̀lù."