Iṣẹ́ Reyshel Tí N Kò Jẹ́

"Ṣé ẹ mọ ẹnikẹ́ni níbí?"

Ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtajà ńlá náà ló bi wá bẹ́ẹ̀, bó ṣe ń gba ìwé ìwáṣẹ́ tá a mú dání.

Reyshel dá a lóhùn kí n tó lanu. "A mọ̀ yín, sà. Ẹ̀ẹ̀kẹta tá a máa kí yín lọ́sẹ̀ yìí rèé."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín ọ̀hún ò pẹ́ lójú ẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Inday, ẹ̀yin ọmọ mi obìnrin, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín bíi bàbá yín. Páálí tí mò ń kó ìwé yín sí yìí, tó bá ti kún, ẹlẹ́pà ni wọ́n ń kó o fún, kó fi máa pọ́n ẹ̀pà. Àwọn tí wọ́n máa gbà síbí, wọ́n ti mọ̀ wọ́n kí wọ́n tó lẹ ìkéde mọ́ ògiri. Ẹ lọ wá ẹni tó máa bá yín fẹnu sí i."

Òjò ń rọ̀ ní Tagbilaran, ìlú wa ní orílẹ̀-èdè Philippines, lọ́jọ́ náà. A dúró sábẹ́ òrùlé ilé ìtajà náà, a ń wo omi tó ń ṣàn lójú títì. Ibi kọkànlá tá a máa dé láti ìgbà tá a ti jáde ilé ìwé nìyẹn. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mí. Bàbá mi tó ń fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta gbé èrò tẹ́lẹ̀ ti wà lórí ibùsùn láti ọdún tó kọjá. Àrùn rọpárọsẹ̀ mú apá ọ̀tún ẹ̀ lọ. Nanay, ìyá mi, ló ń se puto, àkàrà ìrẹsì fífunfun yẹn, tó ń tà á lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Àbúrò mẹ́ta ló tẹ̀ lé mi, èyí tó dàgbà jù nínú wọn sì ti fi ilé ìwé sílẹ̀. Wọ́n ní fún ìgbà díẹ̀ ni. Gbogbo wa la mọ̀ pé kì í ṣe fún ìgbà díẹ̀.

Ti Reyshel náà ò sàn ju tèmi lọ. Ìyá ìyá ẹ̀, Lola Saling, ló tọ́ ọ dàgbà nínú iṣẹ́ ẹja gbígbẹ létí òkun. Ọ̀rẹ́ mi ni láti kíláàsì kìíní. A ti jọ ṣàdéhùn pé ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ nǹkan nínú wa, kó sọ fún ẹnì kejì.

Lọ́jọ́ kejì, a lọ sílé Tíṣà Cagampang, obìnrin tó kọ́ wa ní búrẹ́dì ṣíṣe lọ́dún tá a lò kẹ́yìn nílé ìwé. Nígbà tá a ròyìn ìrìn wa fún un, ó pòṣé.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ máa kó ìwé fún ẹ̀ṣọ́? Ṣé ẹ̀ṣọ́ ló ń gbani síṣẹ́ ni?" Ó fa abala ìwé méjì yọ, ó fún wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ti rí iṣẹ́ ọwọ́ yín rí. Kì í ṣe pé kẹ́ ẹ lọ máa bẹ̀bẹ̀ o. Ẹ lọ kí wọn. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n ṣe fún wọn, kẹ́ ẹ sì bi wọ́n ohun tí wọ́n bá gbọ́. Èèyàn ò lè dúró fún ẹni tí kò mọ̀ pé ó ń wáṣẹ́."

Orúkọ tí Reyshel kọ kún ojú ìwé méjèèjì. Mẹ́fà ni tèmi, mo sì tún fagi lé méjì. Ojú ń tì mí. Reyshel á di búrẹ́dì gbígbóná sínú aṣọ, á lọ bá ẹni tó ń se oúnjẹ fún fadá, á lọ bá àwọn obìnrin èbúté, kódà ó lọ bá awakọ̀ tó máa ń gbé wa lọ sílé ìwé. Èmi á rìn dé ẹnu géètì ẹni tí mo fẹ́ẹ́ rí, màá dúró, màá padà sílé. Ẹnì kan ṣoṣo tí mo bá sọ̀rọ̀ ni Ninang Edita, ìyá ìsàmì mi, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ní ọsibítù kan. Ó ní, "Mo ti gbọ́, ọmọ mi. Màá máa tẹ́tí." Mi ò padà lọ béèrè mọ́.

Láàárín ìgbà yẹn ni fóònù Reyshel bọ́ sómi òkun. Nọ́ńbà tèmi ló wá ń fún àwọn èèyàn. Ó ní, "Ohun kan náà ni. Ẹni tó bá pè ẹ́, èmi ló pè."

Ní ọjọ́ Ajé kan, Tíṣà Cagampang pè mí.

"Junalyn, ṣé Reyshel wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ?"

"Rárá, mà."

"Ó dáa, bá mi jẹ́ iṣẹ́ kan fún un. Ọ̀rẹ́ mi kan wà tá a jọ dàgbà, Perpetua Anuta. Òun ni olórí àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì ní hòtẹ́ẹ̀lì tuntun kan ní Panglao. Àyè ẹnì kan ṣoṣo ló kù, mo sì ti sọ̀rọ̀ Reyshel fún un. Kó wà níbẹ̀ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, agogo mẹ́jọ. Kó má pẹ́ o!"

"Mo gbọ́, mà."

"Ìwọ náà, mi ò gbàgbé ẹ. Tí òmíràn bá tún yọjú, ìwọ ló kàn."

Mo dúró sójú kan, fóònù wà lọ́wọ́ mi. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni Bàbá ti fẹ́ fi ọwọ́ òsì gbé ife omi fúnra ẹ̀, tí ife já bọ́. Nanay nu ilẹ̀. Bàbá kọjú sí ògiri, kò sì yíjú padà títí mo fi jáde.

Mo rìn lọ sílé Reyshel. Mò ń sọ fún ara mi lójú ọ̀nà pé màá sọ fún un, màá sọ fún un. Nígbà tí mo débẹ̀, ó ń yí ẹja padà lórí pèpéle ọparun. Lola Saling jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó ń la ẹja.

"Èèyàn mi! Mò ń ronú nípa ẹ ni o," Reyshel ní. "Kí ló dé tójú ẹ rí báyìí? Ṣé ẹnì kan pè?"

Lola Saling gbójú sókè, ó ń wo ẹnu mi.

"Rárá," mo ní. "Kò sẹ́ni tó pè."

"Kò burú. Wọ́n ṣì máa pè." Ó ṣa ẹja márùn-ún tó gbẹ dáadáa, ó dì í fún mi. "Gbé e fún Nanay. Sọ fún un pé mo kí i."

Mo gbé ẹja náà délé. Mo sì jẹ nínú ẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo gba orí afárá kọjá sí erékùṣù Panglao. Obìnrin tí irun ẹ̀ ti ń funfun, tí ìyẹ̀fun wà lápá ẹ̀ méjèèjì, ló jáde sí mi.

"Ìwọ ni Reyshel?"

"Rárá, mà. Junalyn ni mí. Reyshel ti ríṣẹ́ sí Cebu. Tíṣà Cagampang ní kí n wá dípò ẹ̀."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Tó bá jẹ́ Cagampang ló rán ẹ, ó tán. Kò parọ́ fún mi rí láti kékeré." Ó na aṣọ ìdáná funfun sí mi. "Lọ fọ ọwọ́ ẹ."

Irọ́ kejì mi nìyẹn. Mo pa ìkẹta lọ́jọ́ yẹn kan náà. Mo pe Tíṣà, mo ní Reyshel lóun ò fẹ́ẹ́ ṣiṣẹ́ búrẹ́dì, pé òun ń bá àǹtí òun kan lọ sí Cebu, pé torí kójú má bàa ti Tíṣà ni mo ṣe lọ.

"Reyshel ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Lẹ́yìn gbogbo ẹnu tí mo lò." Ó gbé fóònù sílẹ̀.

Mo sọ fún Reyshel pé Ninang Edita ló bá mi wáṣẹ́ náà. Ó fò mọ́ mi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi ṣubú. "Ó kéré tán, ọ̀kan nínú wa ti wọlé!"

Kò mọ̀ pé inú ti bí Tíṣà sí òun. Ẹ̀ẹ̀mejì ló gbé búrẹ́dì lọ kí i, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sọ fún un lẹ́nu ọ̀nà pé Tíṣà ò sí nílé. Ó wá bá mi lẹ́yìn ìgbà kejì. "Junalyn, kí ni mo ṣe fún Mà? Mo rí i lójú fèrèsé. Òun náà rí mi." Mo ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó rẹ Tíṣà ni. Nínú gbogbo irọ́ tí mo pa, èyí ló le jù, torí pé ojú ẹ̀ ni mò ń wò nígbà tí mò ń pa á.

Láìpẹ́ sígbà náà, obìnrin kan tẹ́nikẹ́ni ò mọ̀ wá sí etí òkun, ó ń kó àwọn ọmọbìnrin lọ ṣiṣẹ́ ilé ní Manila, olú ìlú wa. Mo sin Reyshel dé èbúté. Àpò kan ló gbé kọ́ èjìká.

"Ṣé o mọ ibi tó ń mú ẹ lọ?" mo bi í.

"Mi ò mọ̀. Àmọ́ àwọn tí mo mọ̀ ti tìlẹ̀kùn mọ́ mi. Ó kù kí n wo ẹni tí mi ò mọ̀."

Kò fi ìkanra sọ ọ́. Ó gun ọkọ̀ ojú omi, ó sì ń juwọ́ sí mi títí mi ò fi rí i mọ́.

Inú ilé kan tí wọ́n máa ń tì pa ló bára ẹ̀ ní Manila. Ìgbà tó bá wu obìnrin tó ni ilé náà nìkan ló lè pe ilé, obìnrin náà á sì dúró tì í lórí. Lola Saling bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn. Kò fi bẹ́ẹ̀ jẹun mọ́, á kàn jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa wo ọ̀nà èbúté. Nígbà tí mo pé oṣù mẹ́rin lẹ́nu iṣẹ́ mi, ó kú. Nang Dolor, àǹtí Reyshel, pe ilé tó wà ní Manila yẹn. Ẹni tó gbé fóònù ní, "Ọwọ́ ẹ̀ dí," ó sì pa fóònù.

Lọ́sàn-án Sátidé, mo lọ sílé ọ̀fọ̀. Pósí Lola wà ní pálọ̀ láàárín àbẹ́là, àwọn bàbá àgbà ń fi káàdì ta ayò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nílé ọ̀fọ̀ lọ́dọ̀ wa, àwọn obìnrin ń bu kọfí fún àlejò. Búrẹ́dì tí mo ṣe lọ́wọ́ ara mi ni mo gbé dání. Bí mo ṣe fẹ́ gbé e kalẹ̀ ni Tíṣà Cagampang wọlé. Ó gbàdúrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí, ó wá jókòó ti Nang Dolor.

"Ọmọ ọ̀hún ńkọ́?"

"Ó wà ní Manila, mà. Wọn ò jẹ́ kó wá sin ìyá ìyá ẹ̀."

Tíṣà mi orí. "Ó dùn mí. Ká ní kò kọ iṣẹ́ Panglao tí mo bá a wá ni, tòsí ibí ni ì bá wà."

"Iṣẹ́ Panglao wo?"

"Iṣẹ́ búrẹ́dì. Mo rán Junalyn sí i. Ó lóun ò fẹ́."

"Reyshel?" Nang Dolor bi í. "Reyshel yìí náà? Mà, kò sẹ́ni tó jíṣẹ́ kankan fún un. Ó ń sunkún kó tó lọ, ó ní òun ò mọ ohun tóun fi ṣẹ̀ yín."

Àwọn tó ń ta káàdì gbé káàdì wọn kalẹ̀. Gbogbo wọn yíjú sí mi.

"Junalyn," Tíṣà pè mí jẹ́jẹ́. "Kí lo sọ fún un?"

"Mi ò sọ fún un, mà."

"O ò sọ kí ni fún un?"

"Mi ò sọ nǹkan kan."

Kò sẹ́ni tó pariwo. Ì bá sàn ká ní wọ́n pariwo. Nang Dolor dìde, ó gba búrẹ́dì lọ́wọ́ mi, ó lọ gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níta, níbi tí àwọn ajá ń sùn sí. Tíṣà Cagampang fi ọwọ́ bojú. "Ọmọ yẹn wá sílé mi lẹ́ẹ̀mejì," ló ń sọ ṣáá. "Ẹ̀ẹ̀mejì. Mo sì wà nínú ilé."

Lọ́jọ́ Ajé, Tíṣà fúnra ẹ̀ kọjá sí Panglao, ó sọ gbogbo ẹ̀ fún ọ̀rẹ́ ẹ̀. Màdáàmù Anuta pè mí sí ẹ̀yìn ilé búrẹ́dì.

"Kò sóhun tó ṣe búrẹ́dì ẹ," ó ní. "Àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnì kan lo fi wọlé, onítọ̀hún sì ti gba ọ̀rọ̀ ẹ̀ padà. Ṣe èyí tó kù nínú oṣù ẹ, kó o máa lọ."

Àwa mẹ́fà la bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwé àdéhùn oṣù márùn-ún. Nígbà tó pé, wọ́n tún tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú àwọn márùn-ún yòókù.

Mo sáré lọ bá Ninang Edita. Ó ti gbọ́. Ó mú mi jókòó, ó fún mi lómi mu, ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀. "Mo ti ń múra láti sọ̀rọ̀ ẹ fún wọn ní ọsibítù. Mi ò lè sọ ọ́ mọ́, ọmọ mi. Tí mo bá fẹnu sí tìẹ, tó sì bà jẹ́, ọmọ míì tó bá tún wá bá mi ńkọ́? Ta ló máa gbọ́ mi lẹ́nu nígbà yẹn?"

Ní báyìí, èbúté ni mo ti ń fọ ẹja, níbi tí wọn kì í ti í béèrè orúkọ ẹni. Nanay ò bá mi jà. Ó kàn kó puto ẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ síbòmíì, torí àwọn obìnrin ibẹ̀ ò yéé béèrè mi.

Lẹ́yìn bí ọdún kan, wọ́n fi Reyshel sílẹ̀, ó sì padà wálé. Ó ti rù, àpá iná kan sì wà lápá ẹ̀ tí kì í sọ̀rọ̀ ẹ̀. Tíṣà Cagampang tún ti ń bá a wáṣẹ́ kiri, àmọ́ ẹlòmíì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ Panglao. Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Reyshel nínú ilé Lola, níbi tó ti ń gbá ilẹ̀. Ó jẹ́ kí n sọ gbogbo ọ̀rọ̀ mi tán.

"Mi ò kórìíra ẹ," ó ní. "Dìde nílẹ̀. Àmọ́ sọ fún mi: tẹ́nì kan bá wá bi mí lọ́la pé, 'Junalyn yìí, ṣé kí n gbà á síṣẹ́?', kí ni kí n sọ?"

Kò fi ṣẹ̀fẹ̀. Ó di ìgbálẹ̀ mú, ó ń dúró kí n dáhùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ilé ìwé, ẹ má tijú láti lọ bá àwọn tó mọ̀ yín. Ọ̀nà tí Tíṣà fi hàn wá dáa, èmi ni mo bà á jẹ́. Ẹni tó bá dúró fún yín, orúkọ ara ẹ̀ ló yá yín. Ẹ má fi parọ́. Tí wọ́n bá sì rán yín sí ẹlòmíì, ẹ jẹ́ iṣẹ́ náà, bí ebi tiẹ̀ ń pa yín. Ká ní mo sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, Reyshel ì bá wọlé sí Panglao, èmi ni ì bá sì kàn. Tíṣà ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi pẹ̀lú ẹnu ara ẹ̀, mo sì gbọ́ ọ.